Owó Olórí Ilé

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn, ìyàwó mi yọ orí ẹja kúrò nínú àwo mi. Mo kàn sọ pé iyọ̀ ọbẹ̀ náà pọ̀ díẹ̀ ni, n kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wò mí, ó fi ìka méjì mú orí ẹja náà, ó gbé e sínú àwo tirẹ̀.

"Tíṣà, bí iyọ̀ bá pọ̀ jù fún yín, a jẹ́ pé orí ẹja náà pọ̀ jù fún yín nìyẹn."

Ó jẹ ẹ́ tán níṣojú mi, ó lá ìka rẹ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, ó sì jáde lọ sí ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n pè mí pé ó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kí n tó ti ilé wa ní Dópẹ̀mú dé ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, ó ti kú. Èmi tí mo ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu jẹun láti ìgbà èwe mi, tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ nípa ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò rí nǹkan kan sọ fún dókítà ju "Ẹ ṣeun" lọ.

Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí. Ohun tó ń dá mi dúró ni pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀fọ̀ mi ni mo ń kó wá síta. Ọ̀fọ̀ mi kò kan ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti àwọn ọkùnrin kan ní ilé iṣẹ́ yẹn, àti bí wọ́n ṣe gbà lọ́kàn ara wọn pé ọ̀kan nínú wọn ni mí.

Ohun èlò oníke ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, kúlà, àga. Ìyàwó mi ló ń darí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike tó sì ń fi ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì. Òun ló wà nídìí rẹ̀ lọ́sàn-án. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan a wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà ni, àga kan náà ni wọ́n ń jókòó lé, bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń jáde. Owó oṣù wọn pàápàá kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí ilé iṣẹ́ bá ti ṣe iye ọjà tí wọ́n ń lé, wọ́n máa ń san owó àjẹmọ́nú, wọ́n sì sọ owó àjẹmọ́nú náà lórúkọ. Owó olórí ilé ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ló ń gbà á. Obìnrin kankan kì í gbà á.

"Ọmọkùnrin tó ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi yẹn," ìyàwó mi sọ fún mi nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, "kò tíì gbéyàwó o. Ilé ìyá rẹ̀ ní Akówọ́ǹjo ló ń gbé. Ìyá rẹ̀ ló ń bu oúnjẹ fún un. Ìyá rẹ̀ ló ń fọ ṣòkòtò rẹ̀. Òun ni olórí ilé. Ilé wo? Olórí ta ni?"

Mo ní bóyá olórí ìkòkò ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Kò yẹ kí n sọ pé àwọn obìnrin kì í rí nǹkan kan gbà. Ní ìparí ọdún, ilé iṣẹ́ máa ń fún wọn ní ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀bùn ìyá ilé. Abọ́ oníke ni, tòun ti ìdérí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kó lọ sọ́jà. Èyí tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí ìdérí kò bá a mu, tí oníbàárà kankan kò ní rà, ni wọ́n máa ń tọ́jú dè wọ́n. Àwọn obìnrin náà ló fi ọwọ́ ara wọn ṣe é, àwọn náà ló yà á sọ́tọ̀ pé kò dára. Nígbà tí ọdún bá parí, wọ́n á kó o fún wọn padà pẹ̀lú àdúrà, wọ́n á sì ya fọ́tò. Mo rí ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà. Ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló dúró láàárín, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyàwó mi kò gbé tirẹ̀ wọlé. Ẹ̀yìnkùlé ló fi í sí, àwọn adìyẹ aládùúgbò ń ṣe bó ṣe wù wọ́n nínú rẹ̀.

Obìnrin kan wà láàárín wọn, opó ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo wọn ń pè é. Òun ló kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá náà pé kò sí ọkùnrin nínú ilé òun, òun nìkan ló ń tọ́ àwọn ọmọ òun, nítorí náà òun ni olórí ilé òun. Ọ̀gá náà ní kó lọ mú ẹ̀rí wá pé ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó mú un wá. Ọ̀gá náà wò ó dáadáa, ó kẹ́dùn, ó sì sọ fún un pé bí ọkọ bá kú, ẹ̀gbọ́n ọkọ ló di olórí ilé. Ó ní bí ìṣe wa ṣe rí nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi," Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ sọ ní pálọ̀ wa lọ́jọ́ tó ròyìn rẹ̀. "Mi ò tíì fojú kàn án láti ọjọ́ ìsìnkú. Lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn gan-an, ẹran ló bá wa jẹ."

Láti ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní ilé wa lọ́jọ́ Àìkú, nítorí pé kò sí ibi tí wọ́n ti lè sọ̀rọ̀ ní ilé iṣẹ́ tí kò ní dé etí ọ̀gá. Wọ́n rí agbẹjọ́rò kan, obìnrin tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí Computer Village, níbi tí ariwo àwọn tó ń ta fóònù kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn lọ lọ́jọ́ kan. Agbẹjọ́rò náà kò tàn wọ́n. Ó ní ìwé òfin ilẹ̀ wa sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ kan náà, owó kan náà ni kó gbà, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Ìwé òfin kan náà ló wá sọ níbòmíràn pé kò sí ẹni tó lè tìtorí apá ibẹ̀ yẹn pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Èyí kò ṣàjèjì sí mi. Mo ti fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì lọ́dọọdún, kò sì sí ọdún tí ọmọ kan kì í nàwọ́ sókè béèrè pé kí ló dé tí wọ́n wá kọ ọ́ síbẹ̀. Ìdáhùn kan ṣoṣo tí mo ní ni pé àwọn tó kọ ọ́ fẹ́ ká máa yìn wọ́n pé wọ́n sọ ọ́, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n ṣe é. N kò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣì kéré.

Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò náà ní ọ̀nà kan wà. Kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ lágbára láti lo àwọn àdéhùn tí orílẹ̀-èdè wa bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tọwọ́ bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Owó dọ́gbadọ́gba fún ọkùnrin àti obìnrin wà nínú wọn, kì í sì í ṣe owó oṣù nìkan, títí kan owó àjẹmọ́nú. Ó ní ẹjọ́ náà yóò pẹ́. Ó ní ohun tí ilé iṣẹ́ yóò gbìyànjú láti ṣe ni pé kí wọ́n fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá dúró pa pọ̀, wọ́n lè borí, bí wọ́n bá túká, ó parí. Orúkọ ìyàwó mi ni wọ́n fi ṣíwájú nínú ìwé ẹjọ́ náà.

Nígbà tí ìwé kóòtù dé ilé iṣẹ́ náà, ọ̀gá náà kò ránṣẹ́ sí ìyàwó mi. Èmi ló wá bá.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni. Òun àti alábòójútó ẹ̀rọ ló wá, àwọn méjèèjì wọ agbádá, awakọ̀ wọn ru páálí móòtì àti apẹ̀rẹ̀ èso lẹ́yìn wọn. Mo rò pé wọ́n ṣìlé ni. Kí n tó dìde, wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì wa.

"Àna wa, ẹ kú ilé o," ni ọ̀gá náà sọ láti ilẹ̀. "Ọmọ wa lẹ fi ṣaya, sà. Ní ilé iṣẹ́, ọmọ wa ni. Ẹ̀yin wá di àna wa. A wá bẹ àna wa ni."

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ń nu ọwọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rín ló ń gbé mì.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin òbí mi," ló sọ. "Ìgbà wo ni òbí ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ? Bí ẹ bá bí mi lóòótọ́, Tíṣà ló yẹ kó dọ̀bálẹ̀ fún yín. Orúnkún rẹ̀ ni kò sì ní gbà á."

Àwọn ni wọ́n fi ìṣe wa gba owó lọ́wọ́ opó. Wọn kò mọ èwo nínú àna méjèèjì ló ń dọ̀bálẹ̀ fún èkejì. Alábòójútó náà dìde, ó ń gbọn agbádá rẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá náà ní tirẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó jókòó láìjẹ́ pé mo ní kó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa òwe. N kò ní tún wọn pa níhìn-ín. Gbogbo rẹ̀ dá lórí bí ilé ṣe ń tòrò.

"Ẹ bá wa bá wọn sọ̀rọ̀, sà. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kóòtù."

Mo ní ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló dúró lẹ́yìn wọn yẹn. Wọn kò yíjú. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bí ọkùnrin sí ọkùnrin, sà," ni ọ̀gá náà tún sọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé ìyàwó mi kò ní gbọ́. "Bí obìnrin bá wá ń gba owó olórí ilé, kí ni ẹ̀yin fúnra yín yóò wá jẹ́ nínú ilé yìí?"

Owó ìfẹ̀yìntì mi kì í dé lásìkò nígbà náà. Ìyàwó mi ló ń san owó ilé tí a jókòó sí yẹn. Mo ní èmi yóò jẹ́ ọkùnrin tí owó ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ lé díẹ̀ sí i.

Ọ̀gá náà dìde, ó gbá agbádá rẹ̀ jọ. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n fi ẹrù wọn sílẹ̀, ìyàwó mi sì pe awakọ̀ padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé móòtì yìí dé Akówọ́ǹjo. Olórí ilé kan wà níbẹ̀ tí òùngbẹ ń gbẹ."

Bí wọ́n ṣe wá nìyẹn nígbà tó wà láàyè. Nígbà tó kú, wọ́n kó àga oníke wá fún ìsìnkú, wọ́n ní ìrànlọ́wọ́ àwọn òbí ni. Ọ̀kan ṣẹ́ lábẹ́ àbúrò ìyàwó mi nígbà tí àlùfáà ń gbàdúrà lọ́wọ́. Mo yẹ àwọn yòókù wò: ẹsẹ̀ wọn kò gún. Inú èyí tí kò ṣe é tà náà ni wọ́n ti ṣà wọ́n wá. Ọ̀gá náà dìde sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì pé ìyá ni ìyàwó mi jẹ́ fún gbogbo àwọn ní ilé iṣẹ́. Mo fetí sí i dáadáa. Kò sọ ohun kan tí ìyàwó mi ṣe níbẹ̀. Ènìyàn ìbá rò pé ńṣe ló ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ láti lọ máa gbé ọmọ jó.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú, ó tún wá, òun nìkan lọ́tẹ̀ yìí, aṣọ dúdú ló wọ̀. Kò dọ̀bálẹ̀. Ó kí mi kú ọ̀fọ̀, ó sì jókòó sórí àga ìyàwó mi. Ó ní àwọn aláṣẹ ti ṣèpàdé, àánú mi sì ṣe wọ́n. Wọ́n fẹ́ san gbogbo owó olórí ilé tí wọn kò san fún ìyàwó mi láti ìgbà tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ohun kékeré kan ló kù: kí n sọ fún àwọn obìnrin yòókù pé ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ti ń rò ó láti yọwọ́ nínú ẹjọ́ náà kó tó kú, kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Mo bi í pé, "Ṣé owó náà tọ́ sí i nígbà náà?"

"Rárá o, sà. Ẹ̀yin ló tọ́ sí. Ẹ̀yin ni olórí ilé."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣe àwàdà. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bú mi pàápàá. Ó dá a lójú. Obìnrin ló jókòó ti ẹ̀rọ tó ń gbóná títí ẹ̀jẹ̀ fi ru sókè lára rẹ̀, èmi tí n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ náà ni owó àjẹmọ́nú rẹ̀ tọ́ sí. Mo wò ó, mo rí i pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ojú rẹ̀ tí mo lè bá jiyàn. N kò bínú sí i. Mo máa ń fi ìbínú pamọ́ fún àwọn tí mo bá kà sí. Mo ní kó kúrò lórí àga náà. Ó rò pé mo ní kó yí ìjókòó padà ni, ó sì wo àga kejì. Mo ṣílẹ̀kùn fún un. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ sanwó, kí wọ́n san án fún gbogbo àwọn obìnrin náà, kí wọ́n má mú un wá bá mi.

Mo rò pé ó ti parí. N kò tíì mọ irú èèyàn tó jẹ́ dáadáa.

Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ pè mí lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ náà. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Bàbá, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. A gbọ́ pé ẹ ti gbà á."

"Mo gba kí ni?"

"Owó. Ọ̀gá sọ ọ́ níwájú gbogbo wa. Ó ní ẹ ti gbowó, ó ní olóògbé fúnra rẹ̀ ti fẹ́ yọwọ́ tẹ́lẹ̀. A ò bínú, Bàbá. Ẹ ṣe é bí olórí ilé."

Mo jẹ́ kó bú mi tán. Lẹ́yìn náà ni mo sọ pé irọ́ ni, n kò gba kọ́bọ̀, ìyàwó mi kò sì ní in lọ́kàn láti yọwọ́ rí. Ó ní àwọn kan ti ń sọ pé àwọn yóò lọ bá agbẹjọ́rò pé kó yọ orúkọ àwọn. Ó ní bí àwọn méjì péré bá yọ, àwọn yòókù á tẹ̀ lé wọn.

Mo ní kí gbogbo wọn wá sílé mi lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n ṣe máa ń wá.

"Ilé yín náà kẹ̀? Ta ni yóò wá ṣe wàhálà àlejò?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin, Bàbá?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tó fẹ́ rẹ́rìn-ín láti ìgbà ìsìnkú.

Àbúrò mi obìnrin tó ń dáná fún mi láti ìgbà ìsìnkú ti padà sí Ìjẹ̀bú nígbà náà, àwọn ìyá ìjọ náà ti dẹ́kun gbígbé oúnjẹ wá. Búrẹ́dì ni mo ń jẹ. N kò tíì wọ kíṣìnì yẹn ju láti bu omi lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú náà, n kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rìn dé oríta Dópẹ̀mú, mo ra àgbàdo tútù, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mo bó o. Irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ àti lára ṣòkòtò. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ń yọ gbogbo èèpo rẹ̀ tàbí wọ́n ń fi díẹ̀ sílẹ̀. Mo yọ gbogbo rẹ̀. Ìkòkò tí mo kọ́kọ́ mú kéré jù, mo wá èyí tó tóbi, mo gbé e ka iná.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló wá. Àwọn tó wá jókòó sétí àga bí ẹni tí kò ní pẹ́ lọ. Mo dúró níwájú wọn, mo sọ ohun tí ọ̀gá náà sọ fún mi, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, láìfi kún un, pé owó náà kò tọ́ sí ìyàwó mi, èmi ló tọ́ sí.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó jókòó nítòsí fèrèsé ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Ẹ jẹ́ kó yé mi. Bí ọkọ wa bá kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni olórí ilé. Bí àwa bá kú, ọkọ wa á gbowó wa. Ìyẹn ni pé kí àwa ṣáà kú ni, kí owó lè jáde."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí inú kò dùn sí. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú àwọn tó fẹ́ yọ orúkọ ní òun kò yọ mọ́. Èkejì bọ́ bàtà rẹ̀, ó sún sẹ́yìn lórí àga. Ẹnì kan béèrè orúkọ ta ni yóò wá ṣíwájú.

"Ẹ fi tèmi síbẹ̀," ni Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ sọ. "Kí wọ́n lọ wá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kàn, kí wọ́n bá a sọ ọ́ bí ọkùnrin sí ọkùnrin. Bí wọ́n bá rí i, kí wọ́n bá mi kí i."

Mo fi wọ́n sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, mo lọ gbé àgbàdo wá nínú abọ́ ńlá. Bí wọ́n ṣe rí mi, ńṣe ni gbogbo wọn dìde.

"Ẹ jókòó, Bàbá! Ẹ gbé e fún mi!"

"Áà, Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́!"

Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ge tirẹ̀ jẹ, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu díẹ̀, ó wo ojú mi.

"Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Àgbàdo yìí ṣì ń bínú o."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gba ti àwọn yòókù, mo dá gbogbo rẹ̀ padà sínú ìkòkò. N kò padà sí pálọ̀. Mo dúró tì í, mò ń gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jiyàn nípa ẹni tí yóò lọ rí agbẹjọ́rò lọ́jọ́ Ajé, mo sì ń fi fọ́ọ̀kì gún un wò títí ó fi rọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo sẹ́ omi rẹ̀, mo sì gbé e jáde lọ bá wọn.